Kámẹ́rà Arítẹ́lẹ̀: Ìdí Tí N Kò Fi Ní Pè É Ní "Aláìnídígí"

Níbi ìkómọjáde kan ní Ìbàdàn, ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń fi kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ yangàn fún onífọ́tò kejì tí wọ́n pè síbẹ̀. Ó ní, "Mírọ̀lẹ́ẹ̀sì nìyí o, kì í ṣe irú tiyín yẹn." Màmá kan tó jókòó nídìí tábìlì tó sún mọ́ wa bá yíjú padà, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, èló ni wọ́n ń ta yáàdì márùn-ún rẹ̀?"

"Mirrorless" ni ọmọkùnrin náà ń pè, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún irú kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú. Lẹ́ẹ̀sì ni màmá gbọ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Etí Yorùbá wo ni yóò gbọ́ "mírọ̀lẹ́ẹ̀sì" lóde àríyá tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sọ́dọ̀ aláṣọ?

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò o. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀, àyálò ni. Fọ́tò, lẹ́ńsì, bátìrì, sẹ́ńsọ̀, gbogbo wọn ni mo ń lò, n kò sì ní fi "ẹ̀rọ ayàwòrán" há ara mi lẹ́nu nígbà tí ìyàwó bá ti ń jó bọ̀ tí mo sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé kámẹ́rà fún mi. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti jẹun nílé wa, wọ́n ti mọ ọ̀nà ibi ìdáná. Ti mírọ̀lẹ́ẹ̀sì yàtọ̀. Ó gbé ìrù gírámà Gẹ̀ẹ́sì, "-less", dání wọlé, inú ìrù yẹn gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà, nítorí òun ló ń sọ pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí ìrù náà, lẹ́ẹ̀sì ló máa rí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi sá lọ sábẹ́ "kámẹ́rà aláìnídígí". Ọ̀rẹ́ mi ni ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá síwájú mi, ọ̀mọ̀wé ni, a sì ti jà nípa rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ ní ká lọ máa jà níta. Mo bi í pé kí ló ń pè ní dígí. Dígí ni a fi ń wojú nínú yàrá. Dígí ni ti fèrèsé mọ́tò. Dígí ni bàbá àgbà ń fi sójú kí wọ́n tó kàwé. Lẹ́ńsì náà, lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa, dígí ni. Bí mo bá wá sọ fún oníbàárà pé kámẹ́rà aláìnídígí ni mo fẹ́ gbé wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ohun tó máa rò ni pé lẹ́ńsì mi ti fọ́, yóò sì ní kí n dá owó àsanṣáájú òun padà. Ọ̀rẹ́ mi ní òun gbọ́. Ó lọ gbé "àwòjíìji" jáde láti inú Bíbélì, ó ní ká kúkú pè é ní "aláìláwòjíìji". Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí n gbọ́.

Ẹ tún wo "aláì-" fúnra rẹ̀. Aláìní ni tálákà. Aláìnítìjú, aláìmoore, aláìgbọràn: bí kì í bá ṣe àánú ló tẹ̀lé e, èébú ni. Ọ̀rẹ́ mi ní aláìlẹ́ṣẹ̀ ńkọ́, aláìlábàwọ́n ńkọ́? Mo gbà fún un. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti àbàwọ́n, ohun tí a ń wẹ̀ kúrò lára ni wọ́n. Dígí inú kámẹ́rà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti fi dígí yẹn san owó ilé ìwé ọmọ rí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ náà kò mú ẹni tó yẹ kó mú. Kámẹ́rà onípákó àtijọ́, tó máa ń dúró lórí igi mẹ́ta tí onífọ́tò á ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀, kò ní dígí tí ń fò sókè. Leica M3, kámẹ́rà fíìmù tó jáde ní 1954, kò ní in. Ṣé ká wá kó wọn mọ́ Nikon Z6, mírọ̀lẹ́ẹ̀sì tèmi, nítorí ohun tí wọn kò jọ ní?

Àwọn bàbá wa kì í sọ nǹkan lórúkọ báyìí. Nígbà tí mọ́tò dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́ṣin, torí ẹṣin tó ti lọ ni wọ́n ṣì ń wò. Yorùbá wo bó ṣe ń rìn, wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù, amúlétutù. Tó ń mú iná wá, amúnáwá. Tó ń mú ohùn mú àwòrán, amóhùnmáwòrán. Iṣẹ́ ọwọ́ nǹkan ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rò pé òun ti rí mi mú, ó ní "asọ̀rọ̀mágbèsì" tí wọ́n ń pe rédíò ńkọ́, ṣé kì í ṣe ohun tí kì í ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ? Mo ní kó tún un kà. "Asọ̀rọ̀" ló ṣáájú. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná, kí wọ́n tó sọ pé kì í gba èsì. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní "aláìgbèsì".

Kí ẹ sì má rò pé àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí wọn ì bá pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Panasonic gbé Lumix G1 jáde ní 2008, orúkọ bíi mẹ́rin ló ń jà lórí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin jọ, ìgbà tí wọ́n kà á pọ̀, EVIL ló jẹ́, ìyẹn "ibi". Kámẹ́rà ibi! Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn ni wọ́n wá rọra gbà pé kó máa jẹ́ èyí tí kò ní dígí. Ṣé orúkọ tó rẹ àwọn tó ni ín yìí ni a wá ń dájú dájú túmọ̀?

Ní tèmi, kámẹ́rà arítẹ́lẹ̀ ni, torí a ń fi í rí fọ́tò kí a tó yà á. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, kámẹ́rà onídígí. (Ẹ̀yin tó fẹ́ pe onídígí ní "kámẹ́rà àtijọ́", kí arítẹ́lẹ̀ sì jẹ́ "kámẹ́rà ìgbàlódé", ẹ mú sùúrù. Ìgbàlódé ni Nikon D750, onídígí tèmi, ní 2014. Ìgbà ò dúró de ẹnikẹ́ni.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú wọn ṣe rí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Nínú onídígí, dígí kan dagun sẹ́yìn lẹ́ńsì, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ sókè sójú ẹni tó ń yọjú wò lókè. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń di fọ́tò, wà lẹ́yìn nínú òkùnkùn, kò mọ ohun tó ń lọ. Ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ni dígí fò sókè, kaṣá, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé bá sẹ́ńsọ̀, tí dígí sì padà. Ní ìṣẹ́jú akàn yẹn, ojú wa ṣókùnkùn. Àbí ẹ ò rí i pé fọ́tò tí a yà gan-an ni ohun kan ṣoṣo tí a kò rí? Nínú arítẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ tààrà nígbà gbogbo, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń rí ló sì ń fi ránṣẹ́ sórí tẹlifísọ̀n kékeré tó wà nínú ihò tí a ń yọjú wò.

Ẹni tó ń lo onídígí dà bí ẹni tó ń wo tòmátò, ata àti ẹja nínú abọ́ kó tó gbé ìkòkò kaná. Ohun tó ń wò kì í ṣe irọ́, ojúlówó ni, àmọ́ ọbẹ̀ kọ́. Yóò fojú díwọ̀n iyọ̀, yóò sè é, orí tábìlì ni yóò ti mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Arítẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀, ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná. Ó kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó bu iyọ̀ sí i, ó tún lá a. Nígbà tó bá sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti mọ ohun tí àlejò fẹ́ jẹ. Ṣé a wá lè pe ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò ní "aláìlábọ́"?

Lóòótọ́, àwọn ìyá kan wà tí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò, òórùn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé iyọ̀ ti tó. Irú wọn wà nínú iṣẹ́ wa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ á wo ọ̀run, á wo ojú ìyàwó, á yí kámẹ́rà sí nọ́ńbà tó yẹ, kì í sì í tàsé. Arítẹ́lẹ̀ kò fi nǹkan kan kún ọgbọ́n irú wọn. Àwa yòókù ló wúlò fún.

Méjèèjì wà lọ́wọ́ mi, Nikon D750 ti 2014 àti Nikon Z6 ti 2018. Sẹ́ńsọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 24.3 àti 24.5, ẹni tó bá sì ní òun lè wo fọ́tò nínú álíbọ́ọ̀mù kóun mọ èyí tó ti inú èwo wá, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ibi tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí a gbà dé ibi fọ́tò náà. D750 ní ojú 51 tó fi ń wá ohun tó yẹ kó mọ́ kedere, gbogbo wọn há sí àárín. Ti Z6 jẹ́ 273, wọ́n tàn kálẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́, láti 2019 tí Nikon sì ti tún ètò inú rẹ̀ ṣe, ẹyinjú ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá ti ya ìyá ìyàwó tó wé gèlè ńlá rí, tí kámẹ́rà wá lọ fi gèlè ṣe kedere tó sì fi ojú ìyá sílẹ̀ ní bàìbàì, yóò mọ iyì ìyẹn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò náà ló ń wá ojú. Nínú onídígí, ẹlòmíràn, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan, ló ń bá a wò ó láti ìsàlẹ̀ kámẹ́rà, bí òun àti ẹni yẹn kò bá sì sọ̀rọ̀ kan náà, etí ni yóò mọ́ kedere dípò ojú.

Dígí ń fẹ́ àyè tí yóò máa fò sí. Láti ẹnu lẹ́ńsì dé sẹ́ńsọ̀, mìlímítà 46.5 ni nínú D750, 16 péré nínú Z6. Nítorí náà, lẹ́ńsì onídígí lè gun arítẹ́lẹ̀ bí a bá fi àdápútà, òrùka tó ń so wọ́n pọ̀, sáàárín wọn, èyí tó bá ní mọ́tò tirẹ̀ nínú yóò sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí bí lẹ́ńsì arítẹ́lẹ̀ ṣe máa gun onídígí. Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà kankan tàn yín lórí ìyẹn.

Bátìrì ni mo ti ń sunkún. Nípa ìdíwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà jọ fọwọ́ sí, D750 yóò ya fọ́tò 1,230 kí bátìrì kan tó kú, Z6 yóò ya 310. Ní òde gan-an, iye náà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fún méjèèjì, àmọ́ àlàfo yẹn kò parẹ́. Onídígí ń sùn nígbà tí a bá ń yọjú wo inú rẹ̀, arítẹ́lẹ̀ kò lè sùn. Bátìrì mẹ́ta ni mo ń gbé lọ sóde. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Bí a bá yọ lẹ́ńsì kúrò lára D750, dígí àti ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, ṣì bo sẹ́ńsọ̀. Ti Z6, ẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ báyìí. Ní oṣù Kejìlá àti Kínní, inú mọ́tò tí mo ti dígí rẹ̀ ni mo ti ń pààrọ̀ lẹ́ńsì.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ní ọfà méjì nínú apó. Ó ní bí a bá fi fíláàṣì yà á, arítẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Fíláàṣì kì í tàn kí a tó tẹ bọ́tìnì, bí a kò bá sì pa ètò tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn, inú ihò náà lè ṣókùnkùn biribiri. Àmọ́ bí ẹnìkan bá da Magí sínú ọbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti tọ́ ọ wò, ṣé èmi ni kò tọ́ ọ wò ni? Ọfà kejì dùn mí díẹ̀: ó ní fóònù náà ń fi fọ́tò hàn ká tó yà á, nítorí náà arítẹ́lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, arítẹ́lẹ̀ ni! Ìbátan ni wọ́n, bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí orúkọ kó ìbátan pọ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló kó Z6 mọ́ kámẹ́rà onípákó.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ pọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀: arítẹ́lẹ̀. Kò sí ìlà kéékèèké láàárín. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ "a-rí-tẹ́lẹ̀" ránṣẹ́ sí mi, ìlà méjì ló ń fi sí i, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni.