Ọ̀ta sínúkà

Ọ̀ta sínúkà ni ẹni tí ó ti kúrò ní ipò òpè nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò. Inú ayò ọlọ́pọ́n ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọ̀ta àti òpè, ti wá. Níbi tí eré yìí bá ti di iṣẹ́ òòjọ́, ohun méjì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wò lára ọ̀ta: bí ó ṣe ń darí bọ́ọ̀lù funfun, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ nígbà tí kò bá kàn án láti gbá.

Orúkọ

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, sínúkà ni wọ́n ń pe eré orí tábìlì oníhò mẹ́fà tó ní bọ́ọ̀lù 15 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí àti funfun kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù. Eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní pool gan-an nìyẹn. Snooker tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Íńdíà ní 1875 yàtọ̀ sí i: bọ́ọ̀lù 22 ni wọ́n fi ń ṣe é, tábìlì rẹ̀ sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12.

Ó jọ pé tẹ́tẹ́ ni kò jẹ́ kí orúkọ náà, púùlù, ráyè lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ ta púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni àgbàlagbà Ìjẹ̀bú máa kọ́kọ́ rò. Ilẹ̀ yìí mọ tẹ́tẹ́ dáadáa: ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ ni Kessington Adébùtú, tí gbogbo ènìyàn ń fi ìnagijẹ rẹ̀, Bàbá Ìjẹ̀bú, pe lọ́tìrì tó dá sílẹ̀. Orúkọ náà kò sì ṣìnà rárá. Ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń pè ní poolroom. Wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè máa rí nǹkan ṣe bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì, orúkọ tẹ́tẹ́ sì lẹ̀ mọ́ eré náà.

Ohun èlò

Ojú tábìlì ìdíje àgbáyé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 254 ní gígùn àti 127 ní fífẹ̀. Fífẹ̀ bọ́ọ̀lù kan jẹ́ mìlímítà 57.15, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 156 sí 170. Eyín erin ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. François Mingaud, ọmọ Faransé, ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ fi awọ sí orí ọ̀pá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Awọ yìí, pẹ̀lú ẹfun tí wọ́n ń fi pa á, ló ń jẹ́ kí ọ̀pá di bọ́ọ̀lù mú kí ó sì lè pòyì. Bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ ohun tó tẹ̀lé e yìí kò ní ṣeé ṣe.

Ẹ̀bùn

Èrò ọ̀pọ̀ òǹwòran ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú jù ni ọ̀ta. Láàárín àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, ojú mímú kì í ṣe ìyàtọ̀ mọ́, nítorí gbogbo wọn ló lè gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ibi tí funfun máa dúró sí lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ń mọ ọ̀gá.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò ta kókó. Bí funfun bá ń yọ̀ lọ láìyí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì bá gbà lọ á ya ara wọn ní igun digírì 90. Bí ó bá ń yí lọ síwájú, tó sì kan nǹkan bí ìdajì bọ́ọ̀lù náà, yóò yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní nǹkan bí digírì 30. Bí wọ́n bá gbá a nísàlẹ̀, yóò fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbá a lápá ọ̀tún tàbí òsì, etí tábìlì ni yóò ti fi ìpòyì rẹ̀ hàn, yóò gba ibi tí òpè kò rò.

Ẹ jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù dúdú, nọ́ńbà 8, tó dúró sẹ́nu ihò igun, tí funfun wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọnrangandan. Òpè á fa ọ̀pá sẹ́yìn dáadáa, á gbá a tagbára-tagbára. Dúdú wọlé, àwọn èrò pariwo, funfun sì tẹ̀ lé e wọ ihò kan náà, ó pàdánù eré tó ti jẹ. Ọ̀ta á pa ẹfun sórí ọ̀pá, á tẹ̀ ba, á gbá ìsàlẹ̀ funfun díẹ̀. Dúdú á rọra bọ́ sínú ihò, funfun á dúró síbi tó ti kàn án bí ẹni pé wọ́n kàn án níṣòó. Àwọn tó ń wòran lè má tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ka kejì ẹ̀bùn yìí ni ìrònú ṣáájú. Bí ọ̀ta ayò ṣe ń ka ọmọ inú ilé kí ó tó bù ú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ta sínúkà ti mọ bọ́ọ̀lù kẹta kí ó tó gbá àkọ́kọ́. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni Willie Mosconi, ọmọ Amẹ́ríkà, tó gbá bọ́ọ̀lù 526 wọ ihò tẹ̀léra-tẹ̀léra láìtàsé ní Springfield, Ohio, ní 1954. Ó di 2019 kí John Schmidt tó gbá 626. Ẹni bá wo irú iye bẹ́ẹ̀ lásán lè rò pé ojú ni Mosconi fi ṣe é. Ohun tó ṣe gan-an ni pé kò sábà jẹ́ kí bọ́ọ̀lù líle kù fún ara rẹ̀.

Ẹ̀ka kẹta ni ọwọ́ tó tọ́, tí kò yẹ̀. Allison Fisher, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú snooker kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1995, ó sì di ọ̀ta níbẹ̀ náà.

Ìwà

Nínú ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìjàkadì, ẹni tí wọ́n ń lù lè fọwọ́ dí i. Nínú sínúkà, bí ọ̀pá bá ti wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, ìjókòó ló kù. Ẹnìkejì lè gbá títí kó jẹ eré márùn-ún, kí èèyàn má fọwọ́ kan ọ̀pá. Lórí àga yẹn ni wọ́n ti ń mọ ìwà ọ̀ta, ó sì yẹ kí àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré yìí fún un ní àyè ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Efren Reyes, ọmọ ilẹ̀ Philippines tí wọ́n bí ní 1954, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó tóbi jù nínú eré yìí. Bata ni ìnagijẹ rẹ̀, ìyẹn ọmọdé ní èdè wọn, nítorí pé Efren mìíràn tó dàgbà jù ú lọ wà nídìí tábìlì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Manila, sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan tó ní ilé eré bíliàdì. Orí tábìlì ló ń sùn. Orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń dúró sí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó bọ́ọ̀lù. Ní 1985 ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pe ara rẹ̀ ní Cesar Morales, nítorí òkìkí Efren Reyes ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní Reno, ní Amẹ́ríkà, ní 1995, òun àti Earl Strickland, ọmọ Amẹ́ríkà, wà ní ọgbọọgba, ẹni tó bá jẹ eré tó kù ló borí. Strickland fi bọ́ọ̀lù pamọ́ fún un: ó jẹ́ kí funfun dúró síbi tí Reyes kò ti lè gbá èyí tó kàn tààrà. Reyes gbá funfun lu etí tábìlì kan, ó lu ìkejì, ó bọ́ sára bọ́ọ̀lù tí kò rí tààrà, bọ́ọ̀lù náà sì wọlé. Ó tẹ̀síwájú, ó kó tábìlì mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ní Hong Kong, àwọn méjèèjì fi ọjọ́ mẹ́ta gbá eré tí ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 120 yóò gba dọ́là 100,000. Strickland ti ṣíwájú púpọ̀ kí Reyes tó padà bá a, tó sì borí pẹ̀lú 120 sí 117. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án (nine-ball) ní 1999 àti ti bọ́ọ̀lù mẹ́jọ (eight-ball) ní 2004, oríṣi eré yìí méjì.

Bí Reyes bá tàsé, ó máa ń họ orí, á rẹ́rìn-ín. Strickland kò rí bẹ́ẹ̀: ó máa ń bínú, ó máa ń bá èrò ìwòran fà á. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gba US Open, ìdíje ńlá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tó jọra lára àwọn méjèèjì ni pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ba láti gbá, gbogbo ìyókù á dákẹ́ nínú wọn.

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Abẹ́ àtíbàbà àti ẹ̀gbẹ́ ilé ọtí ni tábìlì sábà máa ń wà, pàápàá ní Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Àgọ́-Ìwòyè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Níbi púpọ̀, ẹni tó bá jẹ ló ń dúró ti tábìlì, ẹni tó pàdánù ló ń sanwó. Ìdákẹ́ kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ayò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nídìí tábìlì, ó sì ṣeé ṣe kí ariwo yẹn wà lára ohun tó ń fún ọmọ ibẹ̀ ní àyà.

Tábìlì ojú pópó kéré sí ti ìdíje, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dagun. Ẹni tó ń gbá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù máa ń ṣàn sí, á sì fi í sínú ìṣirò rẹ̀. Nígbà òjò, aṣọ orí tábìlì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀lù kì í sáré mọ́, ọwọ́ á sì di líle. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé orí aṣọ tuntun ti ìdíje, funfun á kọ́kọ́ máa sá mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi kí ó tún ọwọ́ kọ́, kí ó máa fi í gbá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.