Kí Ẹ Tó Ra Sólà, Ẹ Ka Mítà ní Aago Méjì Òru

Nígbàkígbà tí bílì iná bá ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà yunifásítì, sólà ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde. "Ẹ pe àwọn tó ń ta panẹ́ẹ̀lì wá." N kò bá sólà jà. Ní 2019, REA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko, parí ilé iṣẹ́ iná mẹ́gáwáàtì 7.1 tó pa sólà pọ̀ mọ́ bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ní Bayero University ní Kánò, ó sì parí ti mẹ́gáwáàtì 2.8 ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ndufu-Alike, ìpínlẹ̀ Ebonyi. Ohun rere ni. Àmọ́ ẹni tó bá gbé sólà lé ọgbà tí iná ń jò dànù, agbọ̀n ló fi ń pọn omi. Panẹ́ẹ̀lì tó fi owó ńlá rà yóò kàn máa fún yàrá òfìfo ní òtútù ni.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná ní ẹ̀ka tí gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà ń pè ní Wọ́ọ̀kì, ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, èsì mi kì í yí padà: ẹ lọ ka mítà ní aago méjì òru.

Ìdí rèé. Ní aago méjì òru, kò sí kíláàsì. Ọ́fíìsì ti wà ní títì, ilé ìkàwé ti palẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kó ṣì máa jẹ iná kò pọ̀: iná ojú títì, fáànù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn, fìríìjì tí wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti kẹ́míkà sí ní láàbù, àti àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ọgbà ró. Ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ, owó tó ń dànù ni. Ẹ ka mítà ní aago méjì, ẹ tún un kà ní aago mẹ́rin, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, kí ẹ pín in sí méjì. Iye yúnìtì tí ọgbà ń jẹ ní wákàtí kan lóru nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà láti aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán. Bí ti òru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti ọ̀sán, ẹ dìde, ẹ lọ wá ohun tó ń jẹ ẹ́. (Mítà ńlá tó wà nídìí tíránsífọ́mà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán o. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ ohun tí ẹ kà di púpọ̀. Mo ti rí ìròyìn tó dé iwájú ìpàdé tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé ìyẹn.)

Òru àkọ́kọ́ tí a ṣe é, etí ni mo fi rí ohun tó ń jẹ iná, kì í ṣe ojú. Gbogbo ilé náà ṣókùnkùn, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ìró kan ń lọ hùùù láti ẹ̀yìn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí a ń pè ní èésì, tò lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, omi ń kán lára wọn tó, tó, tó sórí sìmẹ́ńtì, ibi tó ń kán sí ti di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀. Àwọn tó ni ọ́fíìsì ti lọ sílé láti ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Iná ti lọ ní aago mẹ́rin, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó rántí pé súwíìsì ṣì wà ní títàn. Nígbà tí iná dé lálẹ́, gbogbo èésì jí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èésì 1.5 hp máa ń fa nǹkan bíi wáàtì 1,200 nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ká ní ìdajì àkókò ló fi ń ṣiṣẹ́ láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, yúnìtì mẹ́sàn-án nìyẹn. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó iná, sún owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, kúrò ní nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Nígbà tó di oṣù keje ọdún náà, nǹkan bíi ₦209 ló wà. Ní ₦209, èésì kan tó ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni kò jẹ ₦1,881 lóru kan. Bí ọgbọ̀n bá wà lára ilé náà, ₦56,430 ni. Òru kan ṣoṣo, ilé kan ṣoṣo.

Ohun tí a fi wò ó kò wọ́n. Ẹ ní kí oníná yín fi kọ́ńtátọ̀ kan, ìyẹn súwíìsì ńlá tí iná fúnra rẹ̀ ń dì mú, sí bọ́ọ̀dù ilé náà, sórí ọ̀nà tó ń lọ sí èésì nìkan. Bí iná bá lọ, kọ́ńtátọ̀ á já. Bí iná bá dé, kò ní padà títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má ṣe so fìríìjì láàbù mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́ta lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Omi ló kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé níbi tí omi bá ti ń jò nínú ọgbà wa, iná ló ń jò, torí páńpù ló ń fa omi náà láti inú ilẹ̀, iná ló sì ń yí páńpù. Lọ́dún kan, lásìkò ọyẹ́, tí gbogbo koríko ti gbẹ tó ń fọ́ lábẹ́ bàtà, mo rí ibì kan lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tí koríko tutù yọ̀yọ̀. Ìgbín wà lórí rẹ̀. Mo rò pé páìpù ló bẹ́ nínú ilẹ̀, mo sì ti ń wá ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Pọ́ńbà wa, bàbá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ló dá mi dúró.

"Ẹnjiníà, ẹ má wulẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Ẹ wòkè."

Mo wòkè. Ipa omi wà lára irin tó gbé tánkì ró, ó funfun láti òkè délẹ̀ bí ipa omijé. Bàbá gun àkàbà, ó sì mú bọ́ọ̀lù oníwáyà kan sọ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń so kọ́ sínú tánkì: bí omi bá gbé e sókè, ó ń sọ fún páńpù pé tánkì ti kún, páńpù á dákẹ́. Bàbá gbé e sí etí mi, ó mì ín. Omi ń dún nínú rẹ̀. Ó ti lu, ó ti mu omi yó, ó ti rì sísàlẹ̀ tánkì, kò sì lè léfòó mọ́. Lójú páńpù, tánkì kò kún rí. Páńpù hp méjì máa ń fa nǹkan bíi kílówáàtì méjì. Bó bá fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lásán lóru, yúnìtì mẹ́rìndínlógún ni, ó lé ní ₦3,300. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni páńpù yẹn ti jóná lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀mejì la ra tuntun, kò sì sí ìkankan nínú wa tó gbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń rìn yí ọgbà ká nígbà ọyẹ́, mo ń wá koríko tútù. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ewu wà nínú àìtọ́jú ju owó lọ. Nínú ilé ńlá, fésì mẹ́ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tí iná ń gbà wọlé, ló máa ń jọ lo wáyà níútírà kan, èyí tí iná ń gbà padà. Bí nọ́ọ̀tì tó dè é bá dẹ̀, á máa gbóná, á máa jóná díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan á já. Lọ́jọ́ náà, ohun èlò tó yẹ kó gba fólíìtì 230 lè gba èyí tó sún mọ́ 400. Mo ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà kan rí tí òórùn rọ́bà jíjóná gba gbogbo rẹ̀ kan, tí àwọn ọmọ dúró síta pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tí olùkọ́ wọn ń tẹ kọ̀ǹpútà kan tẹ̀lé òmíràn, tí ìkankan kò dáhùn. Nínú bọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀tì kan ló tú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí oníná pa iná, kí ó ṣí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ó fi sípánà dán nọ́ọ̀tì wò. Kó tó pa iná, kí ó lo ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ooru láti òkèèrè, tó rí bí ìbọn: nọ́ọ̀tì tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni yóò kọ́kọ́ kàn.

Ti gílóòbù kò gùn. Ọ̀pá iná àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 36 máa ń fa nǹkan bíi 45 pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tàn án. LED tó rọ́pò rẹ̀ kì í ju 18 lọ. Ẹ pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ṣe ń kú, kí ẹ sì fi máákà kọ ọjọ́ tí ẹ fi í síbẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tó ń ta ayédèrú fún yín. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń gbé ẹrù kékeré, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu lásán, èéfín á sì dí i nínú. Ẹ ra kékeré kan fún òru. Tíránsífọ́mà ní ìgò kan tí ọta búlúù wà nínú rẹ̀: bó bá ti di àwọ̀ píǹkì, atẹ́gùn tó ní omi nínú ti ń wọlé, ẹ ké sí Wọ́ọ̀kì. Ẹ̀yìn ọgbà onírin ni kí ẹ ti wò ó o, ẹ má ṣe wọlé.

Ní ti àwọn ọmọ wa tó ń fi wáyà gbígbóná dáná nínú yàrá, ẹyọ kan lè fa wáàtì 1,000, gbígbà á lọ́wọ́ wọn nìkan kò sì ràn wá lọ́wọ́ rí. Ebi kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ilé ìdáná tó ní gáàsì, tó mọ́, tó sún mọ́ wọn, ni yóò yanjú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé àtijọ́, torí ó ń dùn mí. Àwọn tó kọ́ wọn mọ oòrùn wa, wọ́n mọ afẹ́fẹ́ wa. Ní Ìbàdàn, tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, àwọn ayàwòrán ilé Maxwell Fry àti Jane Drew fi ihò sára ògiri kí atẹ́gùn lè gba àárín ilé kọjá. Ní Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon ya ilé tí àjà òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òkè lè jẹ́ agboòrùn fún ìsàlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, a ti di ihò náà pa, a fi gíláàsì sí i, ooru pọ̀, a wá so èésì mọ́ ọn. Kí ẹ tó ra èésì fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ohun tí wọ́n dí, ẹ tún fèrèsé ṣe, ẹ gbé fáànù kọ́. Iná tí èésì kan ń fa, fáànù mẹ́rìndínlógún ló lè yí.

Owó kọ́ ni olórí ìṣòro wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó. Láti 2011 tí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọgbà yunifásítì ìjọba tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ kò ní rí orúkọ rẹ̀ lára ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fa kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun lé yín lọ́wọ́, ẹ bèèrè àwòrán tó fi ibi tí wáyà àti páìpù gbà hàn. Bí wọn kò bá ní in, ẹ má tíì buwọ́ lùwé.

Ìmọ̀ tí ń bá àwọn àgbà lọ sílé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Bàbá pọ́ńbà fẹ̀yìn tì, mo mú àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì, ìwé àti ọ̀dà pupa, a sì bá a rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò mú àwòrán kankan dání. Á dúró lábẹ́ igi, á wo ọwọ́ ọ̀tún, á wo ọwọ́ òsì, á fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. "Ibí ni." Lọ́jọ́ kejì, ó lu ibì kan tí koríko ti hù, tí kò sí ohunkóhun tó jọ páìpù nítòsí. Àwọn ọmọ gbẹ́ ẹ dé orúnkún, ṣọ́bìrì kan irin. Fáàfù tó ń ti omi gbogbo ìlà ilé àwọn olùkọ́ ni, ìpẹtà ti bò ó. Bàbá kúnlẹ̀, ó da òróró díẹ̀ sí i, ó dúró díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ó ṣì ń yí.