Bátìrì Tó Kú Nílé Yín, Òjé Tó Kù Sílẹ̀ Ní Ògíjó

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwa wolé-wolé jù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ báyìí ni pé, "Ṣé èéfín yìí ò ní pa wá báyìí?" Èéfín àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ òjé (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead) nínú bátìrì tó ti kú ní Ògíjó ni wọ́n ń sọ. Ó dáa kí wọ́n bèèrè. Ṣùgbọ́n èéfín ni ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kó tó rú jáde, ó ti tó ẹni mélòó kan tó ti jókòó buwọ́ lùwé: ẹni tó ta ilẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé, ẹni tó wo iye tí asẹ́ èéfín jẹ́ tó ní kí wọ́n má tíì rà á. Ẹ jẹ́ ká tọ bátìrì kan láti ilé onílé dé ẹnu iná, a ó bá gbogbo wọn pàdé lójú ọ̀nà.

Iná ọba tí kì í dúró ló bí ìnfátà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìpẹru, ilé tó bá rọ́wọ́ mú díẹ̀ ti ra ọ̀kan, àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ò gbẹ́yìn. Bátìrì olómi ásíìdì tí wọ́n so mọ́ ọn kì í sábà pẹ́ tó bí ẹni tó tà á ṣe fẹnu sọ. Tó bá kú, kò sẹ́ni tó ń jù ú sórí ààtàn, torí owó ṣì wà lára rẹ̀: ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri yóò wọ̀n ọ́n, yóò san owó kílò, yóò gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yóò kó o jọ títí yóò fi kún ọkọ̀, ọkọ̀ náà yóò sì forí lé ọ̀nà Ògíjó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ògíjó? Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù ló wà, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú wá, níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kan Èkó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n tó ti Èkó, ó sì sún mọ́ èbúté Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń di òjé yíyọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun. Ìjọba ń wá iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ ń wá ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ń wá owó. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n fi ilé ìyọ́-òjé sáàárín ibi tí èèyàn ń gbé, níbi tí ọmọdé ti ń lọ sílé ìwé, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ilé tuntun ló wá ń yọ yí iléeṣẹ́ náà ká tí ẹnikẹ́ni ò sì dá a dúró.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ òjé nínú bátìrì. Ọ̀kan wà tí ẹ̀rọ máa ń fọ́ bátìrì nínú àpótí tí wọ́n dé pa. Wọ́n á gba ásíìdì rẹ̀ sínú táǹkì, wọ́n á pa kíkan rẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù. Ojú iná ní ìbòrí, èéfín á gba inú àwọn àpò asẹ́ kọjá kó tó bọ́ síta, òṣìṣẹ́ á wẹ̀ kó tó lọ sílé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ní jáde nínú ọgbà. Ọ̀nà kejì, àáké ni. Wọ́n á la bátìrì, wọ́n á yí ásíìdì dà sílẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó ohun tó kù sójú iná. Èéfín á máa lọ síbi tí atẹ́gùn bá darí rẹ̀ sí. Ìdàrọ́ tó bá kù, òjé ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n á kó o dà sẹ́yìn ọgbà, tàbí kí wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í rò ó dé ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń lo àáké ò náwó sí asẹ́, kò náwó sí táǹkì, kò náwó sí balùwẹ̀ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ó lè fi náírà díẹ̀ lé iye tó ń ra bátìrì. Ta ni ọ̀gá ọlọ́mọlanke máa tà fún? Ẹni tó san jù ni. Iléeṣẹ́ tó bá ra ẹ̀rọ gidi á wá di ẹni tí kò rí bátìrì rà, gbèsè ẹ̀rọ á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjà tó bá rí báyìí, ẹni tó ń ṣe dáadáa ló máa ń kọ́kọ́ kógbá wọlé. Ìwàásù ò lè tún un ṣe, ẹ̀rí ọkàn oníléeṣẹ́ ò sì tó. Ìjọba nìkan ló lè sọ ọ́ di dandan pé gbogbo wọn ló máa ra asẹ́, kó sì máa ṣọ́ wọn lóru àti lọ́sàn-án.

Òjé fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ẹ̀gbà òjé sọ́wọ́, apẹja ń so ó mọ́ àwọ̀n. Èyí tó dúró gbagidi bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wa, bí kò ṣe èyí tó di eruku àti èéfín, tí a fà símú tàbí tí a gbé mì. Ara ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú eegun le, yóò gbà á wọlé, yóò kó o pamọ́ sínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin tó bá lóyún, èyí tó ti wà nínú eegun rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀ dé ara ọlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọdé lè gba òjé tó ìlọ́po 4 tàbí 5 ti àgbà láti inú ohun kan náà. Ọpọlọ ló ń bá jà lára ọmọdé. Lára àgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín ló sábà máa ń dá sílẹ̀.

Àwọn ará Ṣágámù ti mọ eruku iléeṣẹ́ tipẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì dé, wọ́n ń rí eruku lórí páànù àti lórí ewé kòkó, ẹnu wọn sì gbà á láti pariwo. Eruku òjé kì í funfun báyẹn, kì í mú èèyàn húkọ́ lọ́jọ́ náà, ara ọmọ lè le títí kí ìwé àyẹ̀wò tó sọ òótọ́.

Òótọ́ náà sì jáde lọ́dún 2025. Àwọn akọ̀ròyìn The Examination àti The New York Times ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún èèyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní àyíká àwọn iléeṣẹ́ Ògíjó. Nínú mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti tó ohun tó ń pani lára. Lọ́dún kan náà, ìjọba ti díẹ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ náà pa. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra. Lọ́dún 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókó, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjọba tó dá àjọ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀. Lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ó kéré tán ọmọ 400 ní Zamfara, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú kí orílẹ̀-èdè tó gbọ́. Lẹ́yìn ìpalára ni òfin wa máa ń jí.

Ní Kẹ́ńyà, abúlé kan wà nítòsí Mombasa tí wọ́n ń pè ní Owino Uhuru, iṣẹ́ bátìrì kan náà ló ba ibẹ̀ jẹ́. Phyllis Omido, tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ náà rí, ló kó àwọn ará abúlé jọ. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.3 owó Kẹ́ńyà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024. Iléeṣẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀bi náà mọ́: àwọn àjọ ìjọba tó gbà á láyè náà pín nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń buwọ́ lùwé ní Abẹ́òkúta àti Àbújá gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Ní tiwa níbí, ìgbà tó rọrùn jù láti bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Òfin 1992 sọ pé irú iṣẹ́ ńlá báyìí gbọ́dọ̀ ní ìwádìí lórí ohun tó máa ṣe fún àyíká. Wọ́n á gbé ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, sí ibi bíi sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì kọ èrò wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì nípọn, kò yà mí lẹ́nu pé eruku ló sábà máa ń kà á. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ rán ọmọ yín kan tó kàwé lọ. Ohun mẹ́rin péré ni kó wá níbẹ̀: bí ilé ṣe jìnnà sí i tó, ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ, irú asẹ́ tí wọ́n máa lò, ibi tí wọ́n máa kó ìdàrọ́ sí. Tí iléeṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òfin 2011 lórí òmìnira ìròyìn fún yín láṣẹ láti kọ̀wé béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ àti àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Nílé ńkọ́? Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òjé dé, kó bọ́ bàtà síta, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kí wọ́n sì fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa á títí, torí inú òfìfo máa ń fa òjé mọ́ra jù. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí ẹ fọ̀ dáadáa, ẹja wẹ́wẹ́ tó ṣeé jẹ teegunteegun, gbogbo wọn ló ń ṣe é lóore. Síse omi kì í mú òjé kúrò nínú rẹ̀, epo pupa àti àgbo ò sì lè fà á jáde lára ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́sibítù. Tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ bá tó máíkírógírámù 5 nínú dẹ̀sílítà kan (5 µg/dL), ó yẹ kí wọ́n wá ibi tó ti ń wọlé rí. Tí ti ọmọdé bá tó 45, dókítà ní oògùn tó ń fà á jáde, àmọ́ asán ni tí ọmọ náà bá tún padà sínú eruku kan náà.

Tiróò náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ máà bínú. Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n yẹ tiróò kan wò tó ti ilẹ̀ wa lọ, tí wọ́n ń fi sójú ọmọ ọwọ́: òjé ló kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹ yé lé e sójú ọmọ.

Nígbà tí iléeṣẹ́ bá kó kúrò, ilẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sọ́jà, owó rẹ̀ á sì rọjú. Òjé kì í jẹrà, òjò kì í sì í fọ̀ ọ́ lọ tán. Ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́míkà kí ẹ tó san owó ìdúró. Títí èsì á fi dé, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ẹ má sì sin adìyẹ sórí rẹ̀, torí ohun tí adìyẹ bá ṣà jẹ nínú iyẹ̀pẹ̀ ló ń wọnú ẹyin.