Alágbẹ̀dẹ Tó Ń Dáko: Bí Ẹni Tó Ni Ẹ́ńjìnnì Géèmù Ṣe Ń Bá Oníbàárà Rẹ̀ Díje

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ń fún àwọn ẹlòmíràn ní ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, tí òun fúnra rẹ̀ sì tún ń ṣe géèmù tà, olè jíjà ni ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ lọ sí: wọ́n gbà pé ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì yóò yọjú wo iṣẹ́ oníbàárà, yóò sì jí ọgbọ́n inú rẹ̀ kó. Àṣìṣe ni. Ọgbọ́n inú géèmù kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tó bá ti rà á, kò sì sí ìdí láti gba ẹ̀yìnkùlé lọ wá a. Orí àkókò ni ìjà wà: ọ̀dọ̀ ta ni àtúnṣe yóò kọ́kọ́ dé, ta ni yóò sì mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé?

Ẹ wo alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ọkọ́ fún gbogbo àgbẹ̀, tí òun náà sì ní oko. Kò níí jí iṣu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ọkọ́ mẹ́wàá dé iwájú ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan náà, ti ta ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú iná? Bí ó bá sì jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ pé ọkọ́ tuntun tó fúyẹ́ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, òun nìkan ni kò níí fi ti àtijọ́ ṣòfò agbára.

Ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ Silicon Knights ti Kánádà pe Epic Games, tó ni Unreal Engine, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007 fi èyí hàn. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé Unreal Engine 3 kò tẹ òun lọ́wọ́ lásìkò ní ipò tó ṣe é lò, àti pé owó tí àwọn oníbàárà san ni Epic fi ṣe géèmù Gears of War tirẹ̀, tó jáde lọ́dún 2006. Epic fèsì pé oníbàárà yìí ló kó kóòdù òun, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, lò láìtọ́. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Epic láre, wọ́n sì ní kí Silicon Knights san dọ́là mílíọ̀nù 4.45. Ẹ kíyè sí i: ìfalẹ̀ ni wọ́n fi kan ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì, oníbàárà sì ni ọ̀ràn kóòdù já lé lórí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí díjú ni pé oko alágbẹ̀dẹ gan-an ló ń jẹ́ kí ọkọ́ rẹ̀ dára. Ẹni tí kò fi ọkọ́ tirẹ̀ ro ilẹ̀ rí kò lè mọ ibi tí èèkù rẹ̀ ti ń bó ọwọ́. Orí Unreal Engine 4 ni PUBG, géèmù tí ènìyàn 100 ti ń bá ara wọn jà títí yóò fi ṣẹ́ ku ẹnì kan, dúró sí nígbà tí Epic fi irú eré bẹ́ẹ̀ kún géèmù tirẹ̀, Fortnite, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Àwọn tó ni PUBG fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n pe ẹjọ́ ní Gúúsù Kòríà lọ́dún 2018, wọ́n sì fà á padà lọ́dún kan náà. Ta ló kọ́kọ́ ronú irú eré náà ni ariwo pọ̀ lé lórí. Èyí tó yẹ kí a wò ni pé iṣẹ́ tí Epic ṣe kí ènìyàn 100 lè jọ wà nínú eré Fortnite kan ṣoṣo wọ inú ẹ́ńjìnnì fún gbogbo oníbàárà nígbà tó yá. Wọ́n rí i gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oko onílé ti so.

Ìdá 5 nínú 100 tí Epic ń gbà, bí owó tí géèmù oníbàárà pa bá ti kọjá iye kan, jẹ́ kí èrè oníbàárà wọ àpò alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n géèmù tirẹ̀ kì í fún un ní ìdá 5 péré.

Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní sí ẹ̀sùn kankan kí oníbàárà tó sá. Nígbà tí Electronic Arts, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù tà, ra Criterion, tó ni ẹ́ńjìnnì RenderWare, lọ́dún 2004, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá Electronic Arts díje fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí orogún òun mọ ọjọ́ tí òun yóò gbìn.

Ohun tó sún mọ́ ìwòsàn jù lọ nínú ètò yìí ni kóòdù tó ṣí sílẹ̀. Láti ọdún 2014 ni Epic ti ń jẹ́ kí gbogbo oníbàárà Unreal Engine 4, ńlá àti kékeré, rí kóòdù rẹ̀, kí ẹni tí kò lè dúró lè tún ọkọ́ rẹ̀ rọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, oníbàárà náà ni yóò tún so gbogbo àtúnṣe ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan, nígbà tí àtúnṣe ti onílé ti wà nínú ẹ̀dà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.