Ọyẹ́ Kọ́ Ló Pa Fúláwà Yín

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú tán, àwọn oníbàárà mi ní Tanke, n'Ílọrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò wá bá mi lẹ́bàá títì. "Ẹ bá mi wò ó, ọyẹ́ ti pa á." Kí n tó fèsì, màá ti ìka bọ inú erùpẹ̀. Òkè rẹ̀ máa ń tutù, àmọ́ bí ìka bá wọlé dé oríkèé kejì, ńṣe ló gbẹ fúrúfúrú. Àwọn tó ń bomi rin ín ń wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ẹ̀wà, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Omi ò kọjá òkè, gbòǹgbò náà á bá a gòkè, oòrùn á sì sè é níbẹ̀.

Fúláwà tó ti múlẹ̀ kò nílò omi ojoojúmọ́. Korobá lítà 10 kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún igi tó ga dé àyà yín. Ẹ rọra dà á kí ilẹ̀ lè mu ún, ní ìdájí tàbí lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Mo mọ̀ pé kànga máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé kan wà ní Pákátà tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ìdí fúláwà hibiscus. Omi búta ni igi yẹn ń mu láti oṣù kọkànlá títí òjò fi dé, kò sì gbẹ rí.

Ìkòkò amọ̀ ńkọ́, irú èyí tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń mọ ní Dada, l'Ókèlele? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ike lọ nígbà òjò, torí omi ń gba ara rẹ̀ jáde. Ohun tó ń mú omi àmù tutù náà nìyẹn. Nínú ọyẹ́, àǹfààní yìí á di gbèsè. Ẹ gbẹ́lẹ̀, kí ẹ ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ó parí.

Bougainvillea ò sí nínú ọ̀rọ̀ omi yìí o. Ilẹ̀ Brazil ló ti wá, òùngbẹ ló sì ń mú un tanná. Ẹni tó bá ń kẹ́ ẹ lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé nìkan ni yóò rí. (Èyí tó pupa tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò, ewé ni. Òdòdó gan-an ni funfun kékeré tó wà láàárín.)

Fúláwà ixora ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Àlàájà kan pè mí lọ sílé rẹ̀ nínú òjò. Ewé ixora tó wà nídìí fẹ́ǹsì ti di àwọ̀ ìyeyè, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù.

"Mo ti fi ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá olódòdó."

"Àlàájà, ìgbà wo ni wọ́n rẹ́ fẹ́ǹsì yìí?"

"Lẹ́yìn Iléyá."

Mo fi ọkọ́ họ ìdí rẹ̀, ògúlùtu sìmẹ́ǹtì ló ń jáde. Ixora fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀ (acidic). Sìmẹ́ǹtì ń sọ ilẹ̀ dà bí eérú, kò ní kan mọ́. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ixora kò ní lè fa irin tó fi ń ṣe àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ irin kún inú ilẹ̀ wa. Òun ló mú yangí pupa. A hú u, a gbé e jìnnà sí fẹ́ǹsì, a fi ìlẹ̀dú àti ewé jíjẹrà sí ihò. Ewé tuntun jáde ní tútù yọ̀yọ̀. Àwọn ti àtijọ́ ò padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da eérú ààrò sí ìdí ixora mọ́.

Gígé: ẹ fi dúró di oṣù kẹrin, tí òjò bá ti rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ka tó bá rú nínú ọyẹ́ á jóná. Àwọn tó sì ń fi sáàsì gé ixora lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè dọ́gba, ẹ̀yin náà lẹ ń gé òdòdó yín dànù, torí orí ẹ̀ka ló ti ń yọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni àkókò ajílẹ̀. Tí òjò bá ti dé, ìgbẹ́ adìẹ dára, àmọ́ tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò, ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ gbé e síbi ìbòòji fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, ẹ dì í padà.