Polder: ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi ní Nẹ́dálándì

Polder ni ilẹ̀ tí omi bò tẹ́lẹ̀, tàbí tó jẹ́ irà, tí wọ́n mọ odi yí ká, tí wọ́n wá fa omi inú rẹ̀ dà nù títí ó fi gbẹ. Wọn kì í da iyanrìn sí i kó lè ga. Ìsàlẹ̀ níbi tó wà náà ló máa wà, omi ẹ̀yìn odi á sì ga jù ú lọ. Ẹni tó bá dúró lórí irú odi bẹ́ẹ̀ ní Nẹ́dálándì lè rí ọkọ̀ ojú omi lápá kan, kó rí màlúù tó ń jẹko lápá kejì, kó sì jẹ́ pé màlúù ló wà nísàlẹ̀.

Bí orílẹ̀-èdè náà ṣe wà ló fà á. Etí Òkun Àríwá ni, Jámánì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù wà ní gúúsù, odò Rhine, Maas àti Scheldt sì ń gba ibẹ̀ wọ òkun. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ ló rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò sínú irà kí omi lè ṣàn jáde, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ dá oko. Ewéko jíjẹrà ló pọ̀ jù nínú irà yẹn. Bó ṣe ń gbẹ ló ń rì, bó ṣe ń rì ni omi ń padà wá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi. Iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ló padà wá bá wọn.

Odi nìkan kò tó, torí òjò ń rọ̀ sínú polder, omi sì ń sun wọlé láti abẹ́ ilẹ̀. Àfi kí wọ́n máa fà á jáde ṣáá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ alápá gbọọrọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí a máa ń rí nínú àwòrán ibẹ̀. Irú wọn tó lé ní 40 ló fa adágún Beemster gbẹ ní 1612, àwọn oníṣòwò Amsterdam ló náwó sí i. Nígbà tó fi máa di 1852, ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ti fa adágún Haarlemmermeer gbẹ. Ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Schiphol wà lónìí; ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ti wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ló ti rìn ní ìsàlẹ̀ adágún láìmọ̀.

Lẹ́yìn ìkún omi 1916, ìjọba gba èrò ẹnjiníà Cornelis Lely pé kí wọ́n dí ọ̀sà Zuiderzee pa. Odi tó gùn tó kìlómítà 32 parí ní 1932, ilẹ̀ tí wọ́n rí gbà lẹ́yìn rẹ̀ sì di ìpínlẹ̀ Flevoland ní 1986. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn kò rí irú ààbò yẹn. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1953, ìjì gbé òkun kọjá odi níbẹ̀, èèyàn 1,836 ló kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹnu àwọn odò ibẹ̀, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn ńláńlá tí wọ́n lè tì bí ìjì bá ń bọ̀.

Ta ló ń bójú tó gbogbo èyí? Ìgbìmọ̀ omi tí wọ́n ń pè ní waterschap ni. Láti nǹkan bí ọdún 1200 sí 1300 ni irú rẹ̀ ti wà, nígbà tó jẹ́ pé 1581 ni wọ́n tó kọ ọba Sípéènì tó ń ṣàkóso wọn sílẹ̀. Mọ́kànlélógún ló kù báyìí. Àwọn ará ìlú ń dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ń gba owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kódà lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga.