Bí Wọ́n Ṣe Ń Da Táńkì Ìgbọ̀nsẹ̀ Ilé Onítáyà Nù

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ lọ gbafẹ́ lọ́nà jíjìn lè so ilé onítáyà mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, kó máa fà á kiri. Ibùsùn wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Abẹ́ ilé náà ni táńkì tó ń gba ìdọ̀tí wà, ohun tó bá sì wọ ibẹ̀ ò ní kúrò títí ẹnì kan á fi dà á nù.

Táńkì méjì ló sábà máa ń wà. Táńkì dúdú ń gba ìgbẹ́ àti ìtọ̀, táńkì aláwọ̀ eérú ń gba omi ìwẹ̀ àti omi ìfọbọ́. Kálukú ló ní fáàfù tirẹ̀, àmọ́ ẹnu páìpù kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà tú jáde. Táńkì tó bá gba gálọ́ọ̀nù 40 ń gba nǹkan bíi lítà 150, ìyẹn kílò 150 bó bá kún. Ẹrù gidi nìyẹn fún ọkọ̀ tó ń fà á.

Omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Àwọn ibi ìpàgọ́ kan ní ihò ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààyè ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò á so họ́ọ̀sì mọ́ ihò yẹn, á ṣí fáàfù táńkì dúdú sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, á ní kó kúkú máa lọ fúnra rẹ̀. Kò ní lọ. Omi nìkan ni yóò sáré jáde, á sì fi ìgbẹ́ àti tíṣù sílẹ̀. Abẹ́ ihò ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti máa gorí ara wọn, tí wọ́n á gbẹ mọ́lẹ̀ bí èèpá ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Nítorí náà, títì ni fáàfù ń wà títí táńkì á fi kún dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí omi tó pọ̀ lè gbá gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá tó àkókò, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á de họ́ọ̀sì mọ́ páìpù, wọ́n á ki ìdí rẹ̀ bọ inú ihò ìdọ̀tí, wọ́n á sì gbé òkúta lé e. Òkúta yẹn ṣe pàtàkì: bí ìdọ̀tí bá ya lójijì, họ́ọ̀sì lè fò jáde, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wà nítòsí. Táńkì dúdú ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Bó bá dá, wọ́n á tì í, wọ́n á wá ṣí ti eérú, kí omi ọṣẹ lè ṣan họ́ọ̀sì mọ́.

Fífọ̀ ló kù. Àwọn ilé onítáyà kan ní ẹnu kékeré lára tí wọ́n ń so họ́ọ̀sì omi mọ́, tí omi á máa fọ́n sí ara táńkì nínú. Fáàfù gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà náà, àbí kí èèyàn dúró tì í. Bí fáàfù bá wà ní títì tí wọ́n gbàgbé omi, táńkì á kún, ìdọ̀tí á sì gba ojú ìgbọ̀nsẹ̀ padà wọlé. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń fọ táńkì kò gbọ́dọ̀ kan ti omi mímu láé. Wọ́n á máa fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde á fi mọ́, wọ́n á tì í, wọ́n á wá da gálọ́ọ̀nù omi mélòó kan sínú táńkì kí ẹnikẹ́ni tó tún lò ó.

Kẹ́míkà wà lọ́jà lóríṣiríṣi, ó sì ń pa òórùn, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ omi. Èyí tó ní formaldehyde, ìyẹn kẹ́míkà olóró kan, tilẹ̀ ń pa bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí nínú sọ́kàwéè, ìdí nìyẹn táwọn ibi ìpàgọ́ kan kò fi fẹ́ rí i. Tíṣù tó ń tètè fọ́ ló dáa: tí wọ́n bá ju ewé tíṣù kan sínú ìgò omi tí wọ́n mì ín, ó yẹ kó tú.

Iná tó ń sọ bí táńkì ṣe kún sí máa ń purọ́. Irin kéékèèké tó wà lára ògiri táńkì ló ń sọ fún un, bí tíṣù bá sì lẹ̀ mọ́ wọn, á ní táńkì kún nígbà tó ṣófo. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí wọ́n da omi sínú rẹ̀ dé ìdajì, kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ń lọ kó máa mì, kí wọ́n tún dà á nù, ti tó láti ṣí tíṣù náà kúrò lára irin.